Igi Inú Garawa Màmá Èkó

Ìró garawa tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan n'Ífọ̀, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa. Mo yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin àgbàlagbà tó gba yàrá lẹ́yìnkùlé wa ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí igi ọsàn rẹ̀. Ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan garawa tí igi náà wà nínú rẹ̀ sókè, ó fi ọ̀bẹ gé nǹkan kan kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ó wá yí garawa náà díẹ̀ kó tó gbé e sílẹ̀. Ó bọ́ sórí èkejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe gbogbo wọn tán, ó kó àwọn nǹkan tó gé jọ, ó jù wọ́n sínú iná àdògán rẹ̀. Mo di fèrèsé mú. Mo ní, “Háà! Ọ̀rọ̀ rèé o.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ fún yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ìbàfò ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi kì í sì í jẹ obì tí ẹlòmíràn bá pa fún un. “Ìfura loògùn àgbà,” ni ìyá mi máa ń wí, èmi sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré, mo lò ó kọjá ìwọ̀n. Bí ẹnì kan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, màá bi ara mi pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá wá jíṣẹ́ fún mi, màá ní kó lọ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá.

Baba ọkọ mi ló nilé. Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n máa ń fi gba ayálégbé, ibẹ̀ ni obìnrin yìí wà. Màmá Èkó la máa ń pè é. Opó ni. Ìjọba ló wó àdúgbò wọn l'Ékòó, wọ́n fẹ́ la títì gba ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹrù rẹ̀ kò sì ju àpótí kan, ẹní kan àti igi mẹ́jọ lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: igi. Igi tútù tó ń yọ ewé, nínú garawa kẹrosínì àti nínú ìkòkò omi tó ti sán. Ọsàn mímu wà níbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, gúáfà wà níbẹ̀, títí kan igi fúrúùtù tí wọ́n máa ń gbìn létí òkun. Ọsàn mímu yẹn ló ga jù, ó tó mi léjìká, ó sì ti ń so. Màmá Èkó ní láti inú kóró ọsàn tó wà níwájú ilé bàbá òun ló ti hù. Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n ti gé ìyá igi náà, ohun tó kù nínú gbogbo ilé bàbá òun kò ju èyí tó wà nínú garawa yẹn lọ. Omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì ló máa ń bù sídìí rẹ̀, nígbà ọyẹ́ á sì fi àkísà tútù nu ewé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, á ní kó wá já ọsàn, kì í wo iye tónítọ̀hún já.

Ẹni tí kò mọ àṣà wa lè bi mí pé kí ló wá burú nínú igi. Lọ́dọ̀ wa, àlejò lè gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin ilá títí ilá á fi kó. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Oṣù mẹ́ta ni àgbàdo ń lò, igi máa ń bá ọmọ-ọmọ láyé. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, tí wọ́n ń wò ó níran, ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sọ pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Ojú Baba ọkọ mi ti rí i rí. Ẹbí wọn yá àlejò kan nílẹ̀ lọ́nà ìlú Àgbàdo, àlejò yọ́ gbin obì síbẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹbí lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n ń fi igi obì ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ilẹ̀ yẹn ṣe lọ nìyẹn. Nítorí náà, kí Màmá Èkó tó kó ẹrù wọlé rárá ni Baba ti kìlọ̀ fún un pé, “Igi inú ìkòkò, mo gbà. Gbòǹgbò kan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ mi. Lọ́jọ́ tó bá kàn án, wàá jáde.” Màmá Èkó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Èmi kọ́kọ́ lọ bi í fúnra mi nípa ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Màmá, kí lẹ máa ń yí àwọn ìkòkò yìí sí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ọmọ ni wọ́n. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lọmọ fi ń sùn ni?”

Ó já ọsàn méjì fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé e kọjá ẹ̀yìnkùlé, mo sọ ọ́ sígbó. Àbí irú ìdáhùn wo nìyẹn? Ẹni tó ń pe igi ní ọmọ, kí ló fi ọmọ gidi ṣe? Lóòótọ́, Màmá Èkó kò bímọ kankan, mo sì ka ìyẹn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn, èmi ọlọ́gbọ́n, pé ẹni tí kò lọ́mọ, ta ló fẹ́ jí ilẹ̀ fún?

Mo lọ bá Baba. Mo ní ayálégbé yín ń fi ọ̀bẹ gé nǹkan lábẹ́ igi ní gbogbo Jímọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i, ó sì ń sun ún níná. Baba ò jẹ́ kó di ọ̀la. Wọ́n pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, “Láti òní lọ, omi nìkan ni kí o máa bu fún igi rẹ. Má gbé wọn, má yí wọn, mi ò fẹ́ rí ọ̀bẹ nídìí wọn mọ́.”

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí mi ò bá gbé wọn…”

“Mi ò béèrè àlàyé.”

Bí Baba ṣe rí nìyẹn. Lójú tiwọn, ẹni tí àlàyé rẹ̀ bá ti pọ̀, irọ́ ló ń tò. Màmá Èkó padà sí yàrá rẹ̀. Èmi ní tèmi fi eérú yí ìdí garawa kọ̀ọ̀kan ká, pé bó bá yọ́ wọn sún, eérú á tú àṣírí rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ń lọ wo eérú mi. Tí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ, màá tún òmíràn dà.

Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣẹ́ igi ìdáná lẹ́yìnkùlé, Màmá Èkó pè mí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Ìyàwó, wọ́n ò ní gbọ́ lẹ́nu mi. Bá mi sọ fún Baba pé igi ń wá ilẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé wọn bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Jọ̀ọ́.” Mo ní ó dáa, Màmá, màá sọ fún wọn. Mo padà sídìí igi ìdáná mi. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn: igi ń wá ilẹ̀ báwo? Ṣé ó fẹ́ lò mí kó lè tún ráyè ṣe ohun tó ń ṣe ni? Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ò jẹ́ ẹ rárá. Nígbà tó bi mí lọ́jọ́ kejì, mo ní Baba ti gbọ́.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Kí ó tó dáwọ́ dúró, ọsàn mímu yẹn ti ga kọjá orí mi, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ara tún fu mí: kí ló ń jẹ tó fi ń ga báyìí? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Màmá Èkó lọ sí mọ́sálásí, mo ti garawa náà wò. Kò mira. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í. Ibi tó wà náà ló wà. Mo mú ọkọ́, mo wa ìdí rẹ̀, ni mo bá rí i: gbòǹgbò ti yọ láti inú ihò tí omi ń gbà jáde, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi, ó ti wọlẹ̀ lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo sáré lọ pe Baba bí ẹni tó rí owó he.

Nírọ̀lẹ́, Baba pe àwọn àbúrò wọn méjì. Wọ́n lọ wo gbòǹgbò náà, wọ́n padà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Èkó kúnlẹ̀ níwájú wọn. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o gba yàrá?”

“Ẹ ní gbòǹgbò ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, Baba.”

“Kí wá lojú mi rí yìí?”

“Baba, igi inú ìkòkò, téèyàn ò bá máa gbé e, kó máa gé gbòǹgbò tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló máa bá lọ. Ohun tí mò ń fi Jímọ̀ Jímọ̀ ṣe nìyẹn. Torí kó má baà kan ilẹ̀ yín ni mo ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣe é mọ́.”

Àbúrò Baba kan ní, “Kí ló dé tí o ò wí?”

“Mo wí, wọn ò fẹ́ àlàyé. Mo sì tún rán ìyàwó sí wọn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó sọ fún wọn pé igi ń wá ilẹ̀.”

Baba yíjú sí mi. “Ìyàwó, ṣé ó rán ọ sí mi?”

Ẹ fojú inú wò ó. Ìyàwó tuntun ni mí, mi ò tíì bímọ nílé yẹn, àgbà mẹ́ta ń wò mí lẹ́nu. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán sí baba ọkọ mi mì, èmi ni mo jẹ́ kí gbòǹgbò wọ ilẹ̀ wọn.

Mo ní, “Mi ò rántí, Baba.”

Màmá Èkó wò mí. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọrùn fún mi. Kò bínú. Ó yà á lẹ́nu ni, bí ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣe irú ẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Àbúrò Baba kejì ní obìnrin yìí gbọ́n jù, Baba sì fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kó fi kó jáde.

Igi méje ló ṣeé gbé. Gbòǹgbò tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, ó gé e, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọsàn mímu nìkan ni kò ṣeé tú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, “Ìyàwó, yá mi ní àdá.” Mo mú un fún un. Ó ní òun ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n máa fi pe òun ní olè lẹ́yìn. Ó gé e fúnra rẹ̀, tèso tewé. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ torí kò lágbára mọ́, mi ò sì lè sọ pé kó mú àdá wá kí n bá a gé e. Nígbà tó wó, ó fi ìborùn nu ojú, ó dá àdá mi padà, ó ní mo ṣeun. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ló bá lọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ mi ní òun rí àwọn garawa náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan nítòsí ojú irin l'Ágbàdo. Mo ti lóyún nígbà náà, oorun ò sì kùn mí. Mo di gààrí àti epo pupa, mo lọ. Ó ti gbé gbogbo igi rẹ̀ lé orí òkúta. Ó rí mi lókèèrè, ó dìde, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n wọlé. Obìnrin tí kì í wo iye tí wọ́n já lórí igi rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń wò.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé o ti wá rántí?”

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, mo ti rántí.”

“Ó dáa. Èmi kọ́ ló yẹ kó gbọ́. Lọ sọ fún Baba.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbé gààrí mi padà sí Ifọ̀. Baba wà níwájú ilé, wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀, mo ní ọjà ni. Mo ní tí mo bá bímọ tán, màá sọ. Mo bímọ. Mo ní tí ọmọ bá ń rìn. Ọmọ rìn, ó sáré, ó lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ tí Baba kú, ẹkún tí mo sun ju tàwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ, àwọn èèyàn ń sọ pé irú ìyàwó tó fẹ́ràn baba ọkọ rẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ti lọ tipẹ́. Kì í ṣe ayálégbé ló gbà á lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ Baba, títí kan ọkọ mi, ló tà á fún àwọn ará Èkó, owó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé tí mo ń gbé báyìí. Nínú gbogbo àwa tí a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ló kù. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí yangàn pé màmá àwọn kì í gbàgbé nǹkan, wọ́n á ní kí n sọ ti ìgbà ìwáṣẹ̀ fáwọn ọmọ wọn, màá sì sọ ọ́ láìfo ẹyọ kan. Èyí ni mi ò sọ rí.

Baba, ó rán mi. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ fún yín pé igi ń wá ilẹ̀.