Bàbá Onígbàjámọ̀ Aboabo

Bàbá onígbàjámọ̀ tí a sin ní Aboabo, ní Kumasi, lóṣù tó kọjá ló fá orí mi láti kékeré. Kì í béèrè bí èèyàn ṣe fẹ́ irun rẹ̀. Á mú abẹ, á ní, “Tẹrí ba. Wàláhì, ọba pàápàá á tẹrí ba fún mi.”

Nígbà tí mo dàgbà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi máṣíìnì gẹ irun ní Krofrom, àdúgbò kejì, ni mo ń lọ. Tí mo bá fẹ́ kọjá níwájú Bàbá, màá dé fìlà.

“Irun ẹ ò tíì hù ni?”

“Kò tíì hù, Bàbá.”

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní kí n ṣí fìlà. Ó fọwọ́ pa orí mi yíká.

“Ẹni tó gẹ̀ ẹ́ mọṣẹ́,” ló wí. Ó nu àga. “Jókòó, ká sọ̀rọ̀ díẹ̀.”

Mo ní mò ń kánjú. Ilé ni mo lọ, mo lọ dùbúlẹ̀.