Ohùn Ìyá Tó Ń Sọ Bóyá Ọkọ̀ Ń Bọ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Monrovia ní Làìbéríà, iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ni pé kí n ṣe ohun tí àwọn èrò á fi máa mọ ibi tí bọ́ọ̀sì wà lórí fóònù wọn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ya máàpù. Bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójú fóònù bí èèrà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ ń ṣí wò.

Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ọkọ wọn wà lára àwọn sójà Nàìjíríà tó wá bá wọn paná ogun níbí. Àìsàn ló pa á, ibí náà ni wọ́n sin ín sí, màmá sì kọ̀, wọn ò padà sílé. "Ta ni màá fi í sílẹ̀ fún?" ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kan ní Mamba Point, New Kru Town ni wọ́n ń gbé. Àwọn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà tí n kò tíì mọ ẹnì kankan.

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sójú.

"Kí lèyí?"

"Ilé yín nìyí, mà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà débẹ̀ nìyí."

"Mo mọ ilé mi, ọmọ mi. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ ni mi ò mọ̀."

Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí títí di ọjọ́ kejì, tí mo bá wọn ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Òjò ń rọ̀. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Carey Street níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, a fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, máàpù mi ò sọ nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó ti kún. Àwọn géńdé ń ti ara wọn wọlé, màmá fà sẹ́yìn, wọ́n di orúnkún wọn mú. A dúró títí ẹsẹ̀ èmi gan-an fi ń ro mí.

"Ká ní mo mọ̀ pé kò ní í tètè dé," wọ́n ní, "ǹ bá jókòó síbi iṣẹ́. Àga wà níbẹ̀."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní ká gbé máàpù tì. "Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A wá ṣe nọ́mbà kan tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú fóònù kékeré. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ á tẹ fóònù tirẹ̀ tí ọkọ̀ bá gbéra, ẹni tó pè á sì gbọ́ bóyá ó ń bọ̀ tàbí kò sí. Ohùn màmá la gbà sílẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Làìbéríà tó ti mọ́ wọn lẹ́nu: "Bus coming, ya," ìyẹn ni pé ọkọ̀ ń bọ̀ o. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́; ẹ̀ẹ̀mẹfà la gbà á kó tó dáa.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi pè mí.

"Ohùn ara mi purọ́ fún mi lónìí."

Ọkọ̀ ti gbéra lóòótọ́, ó wá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, màmá sì dúró sínú òjò. Ojú tì mí. A tún un ṣe, pé tí a ò bá gbúròó ọkọ̀ mọ́, kí ohùn náà sọ pé a ò mọ̀. Ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Màmá ní, "Ẹni tó ní òun ò mọ̀ ò tàn mí. Màá kúkú jókòó jẹ́jẹ́ mi síbi iṣẹ́."

Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, orúnkún wọn kọ̀ jálẹ̀. Ọmọbìnrin wọn wá láti Ìjẹ̀bú, ó mú wọn lọ. Kí wọ́n tó lọ, mo bá wọn dé ibojì ọkọ wọn. Wọ́n fa koríko orí rẹ̀ tu, wọ́n ní kí n máa bá àwọn kí i. Mo sì ń lọ kí i.

Ohùn wọn ṣì wà lórí nọ́mbà náà. Nígbà míì, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Carey Street á gbé fóònù sétí, màá sì gbọ́ wọn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti yàrá kejì. Mo máa ń fi fóònù pè wọ́n ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ohùn tibẹ̀ ti rẹ̀. Tí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New Kru Town. N kò ní ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Màá rìn kọjá níwájú ilé wọn, nínú èéfín ẹja àti atẹ́gùn òkun. Ayálégbé tuntun á juwọ́ sí mi, èmi náà á juwọ́ sí i.