Òróró Orí Ẹ̀rọ Lọ́lá

Bí òróró kan bá ba nǹkan jẹ́, tí òróró kan náà sì tún un ṣe, èwo nínú méjèèjì la ó kà sí ọwọ́ Ọlọ́run? Mo ti bi ara mi títí, n kò tíì rí i dáhùn. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ Lọ́lá Ògúndáre, ọpẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Lọ́lá. Hamburg níbí ni wọ́n bí i sí, ilé gogoro kan ní àdúgbò Steilshoop ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Abẹ́òkúta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àbáyọ̀mí, dàgbà sí lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ti hu irùngbọ̀n kó tó fojú kan Jámánì. Kò pẹ́ tó dé tí bàbá wọn fi sùn nínú Olúwa. Nígbà tó yá, Yọ̀mí ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Spandau, ní Berlin lọ́hùn-ún. Ó kó lọ, kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Yọ̀mí dé egungun. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Veddel, àdúrà rẹ̀ sì gbóná débi pé àwọn ará ìsàlẹ̀ máa ń wá kan ilẹ̀kùn. Ó ṣòfin: Yọ̀mí lè wá sí Hamburg nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n Lọ́lá kò gbọdọ̀ lọ sí Spandau.

"Ilé tí wọn kì í ti í gbàdúrà, ọmọ mi ò ní sùn níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni Lọ́lá ń fẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n inú fóònù. Chloe, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń jà du rìmóòtù lójoojúmọ́. Ìjà yẹn gan-an ń wu Lọ́lá.

Orí ìyẹn ni wọ́n wà tí tíṣà físíìsì fi fún wọn níṣẹ́. Kí kálukú kan ẹ̀rọ kan tí nǹkan á ti nǹkan, tí ìyẹn náà á ti òmíràn, títí èyí tó kẹ́yìn á fi ṣe iṣẹ́ kékeré kan. Ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lè bá ni ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n máa dán an wò níwájú gbogbo kíláàsì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ó parí nìyẹn. Chloe rò pé àwọn méjèèjì ló máa jọ ṣe é. Lọ́lá ò tiẹ̀ bọ́ bàtà nígbà tó délé, Spandau ló pè. Jámánì ló ń sọ, wàràwàrà.

"Sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbádùn ẹ," ni Yọ̀mí wí.

Lọ́lá mí kanlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹn-ẹ́n! Mò ń bọ̀."

Ọjọ́ Sátidé ló dé, ó di àwọn ọmọ irin roboto inú bíárìn kẹ̀kẹ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n tú gbogbo ilé. Wọ́n la ọ̀pá páálí tí wọ́n ń ká aṣọ mọ́ sí méjì, ó di ọ̀nà tí ọmọ irin á máa yí gbà wálẹ̀. Wọ́n yọ wíìlì kan lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti Lọ́lá kiri nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n wá rí kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù tí bàbá wọn kó sílẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó lóròó, ọ̀kan á ṣubú lu èkejì. Ó kù kí wọ́n bi ìyá wọn.

Màmá Yọ̀mí wo kásẹ́ẹ̀tì náà. "Ẹ kó o. Kò sóhun tá a lè fi gbọ́ ọ mọ́. Ó sàn kó máa ṣiṣẹ́ ju kó máa jókòó lọ."

"Agogo àdúrà yín náà ńkọ́? Òun la fẹ́ kó dún gbẹ̀yìn."

"Ẹ fọ́ ọ wò! Ẹ ó mọ̀ pé èmi ni mo bí yín."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Má to kásẹ́ẹ̀tì mọ́ra bẹ́ẹ̀," ni Yọ̀mí wí. "Ṣé ó ń sá fún òtútù ni?"

"Mann, Yọ̀mí!"

"Ta ni Yọ̀mí? Ṣé a jọ lọ jẹ́lé-ó-sinmi ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Yọ̀mí, du nervst!"

"Èmi ń dà ẹ́ láàmú? Ìwọ lo ránṣẹ́ pè mí láti Berlin o!"

Wọ́n ń jà, inú Lọ́lá sì ń dùn.

Ohun kan ṣoṣo ló yọ wọ́n lẹ́nu. Kásẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn ni yóò yọ èèkàn kékeré kan, àpò ẹ̀wà á já wálẹ̀, okùn rẹ̀ á fa wíìlì, wíìlì á lu agogo. Ṣùgbọ́n wíìlì náà ti dógùn-ún. Ó ń há. Títí ilẹ̀ Sunday fi ṣú, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Yọ̀mí gbàgbé epo tirẹ̀ sí ibi iṣẹ́, Sunday sì ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí.

"Òróró wà ní kíṣìnì," ni Lọ́lá wí.

"Òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò? Ó máa gan mọ́ ọn ni. Kẹ̀kẹ́ niṣẹ́ mi, má kọ́ mi."

Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Monday, Alhaji Nùrúdíìnì tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀ fún wọn; Ọlọ́run á san án fún un. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wá ku ìyá wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó mú ìgò òróró ólífì tí pásítọ̀ gbàdúrà sí. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ sí ọ̀nà páálí látòkè délẹ̀, ó tọ́ ọ sí àárín wíìlì, ó tọ́ ọ sára agogo. Ó ní kí ọwọ́ ọ̀tá má tó o. Ta lọ̀tá ẹ̀rọ páálí? N kò mọ̀, ṣùgbọ́n bá a ṣe máa ń gbàdúrà nìyẹn.

Nígbà tó kan Lọ́lá ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ó gbé ọmọ irin sórí páálí, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ irin yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó fò kọjá lórí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, ó lọ sá sábẹ́ àga tíṣà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lọ́lá fọwọ́ kan páálí, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó mọ òórùn yẹn. Òun ni wọ́n máa ń fi sí i níwájú orí ní gbogbo ọjọ́ ìdánwò. Ó gbójú sókè wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí.

"Mama!"

Yọ̀mí di apá rẹ̀ mú. "Má pariwo mọ́ ìyá ẹ ní gbangba."

"Ṣùgbọ́n òróró—"

"Mo ti rí i. Bọ́ síkáàfù ẹ fún mi."

Ó fi síkáàfù nu páálí títí ó fi gbẹ. Kò ráyè dé ọ̀dọ̀ wíìlì, tíṣà ti ń wo aago.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ irin rọra bọ̀. Ìwàásù bàbá wọn ṣubú lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èèkàn yọ, ẹ̀wà já. Lọ́lá dijú. Wíìlì tó ti ń há láti ọjọ́ yìí wá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé tuntun ni. Agogo dún.

"Halelúyà!" Màmá Yọ̀mí ti fò dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò ó, tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

Nílé, kò sẹ́ni tí Màmá Yọ̀mí ò pè lórí fóònù: òróró náà ṣiṣẹ́! Nídìí oúnjẹ, Lọ́lá ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màmá, òróró yẹn ló bà á jẹ́ nígbà àkọ́kọ́."

Ìyá wọn wo Yọ̀mí. "Ìwọ náà, sọ tìẹ. Mo kúkú mọ ohun tó o máa sọ."

"Lóòótọ́ ló mú ọmọ irin yọ̀," ni Yọ̀mí wí. "Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe òróró, wíìlì yẹn ì bá má yí. Èmi ni mo ní ká má fi sí i. Ẹ̀yin lẹ fi sí i."

"Ọlọ́run ni, àbí òun kọ́?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ fi sí i. Ẹ ṣeun, Màmá."

Ìyá wọn mú ẹran inú abọ́ tirẹ̀, ó gbé e sórí oúnjẹ Yọ̀mí. Ní ìrọ̀lẹ́, Yọ̀mí wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Berlin. Òfin Spandau wà níbi tó wà.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e ni Lọ́lá wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, torí èmi ni mo ń kọ́ wọn ní kíláàsì ọmọdé. Ó rò ó fún mi látòkè délẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọwọ́ tí Yọ̀mí fi di apá rẹ̀ mú. Ìyẹn, mo lè dúpẹ́ rẹ̀ láìṣiyèméjì.

"Àǹtí," ni ó wí, "Màmá máa ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Yọ̀mí tá a bá gba ọlidé."

Mo ní kò burú, màá fi í sínú àdúrà.

Ó fà mí láṣọ. "Rárá, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ṣì wà níta níbẹ̀ yẹn."