Ọjọ́ Tí Fóònù Wà Ní Ṣíṣí

Ariwo ẹ̀rọ tí ń wó ilé ló máa ń gba gbogbo etí mi nígbà tí à ń gbé ní Gascoigne ní Barking, ní London. Wọ́n ti kó àwọn ará ilé kejì sí tiwa jáde, wọ́n sì ń wó o díẹ̀díẹ̀ láti òkè, tí eruku rẹ̀ ń bà sára fèrèsé kíṣìnì wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ni mo ti máa ń kàwé. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, ọkọ mi á ṣì wà lórí ibùsùn, nítorí iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí.

Ẹnìkan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwa kan wà ní London, àwọn kan wà ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn wà ní Kánádà. Ohun tí à ń ṣe kò ju pé ká sọ ìwé tí a kà tó dùn mọ́ wa, ká sì máa ta ara wa lólobó nípa èyí tó máa jáde láìpẹ́. Mo máa ń ṣọ́ ìkéde àwọn òǹtẹ̀wé bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà, kò sì pẹ́ tí mo fi di ẹni tí wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Tíṣà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tilẹ̀ ra awò ojú kan ní ọjà Barking, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan lójú mi, mo sì ń lò ó tí a bá fẹ́ fi fídíò sọ̀rọ̀. Ọkọ mi kò mọ̀ nípa ẹgbẹ́ náà. N kò fi pa mọ́ fún un. Kò bi mí, èmi náà kò sì sọ.

Ní Sátidé kan, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìwé kan tí gbogbo wa ti ń retí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó wá bàbá rẹ̀ lọ ni. Mo gbé fóònù ti síńkì, mo ń sín àǹtí ọmọ náà tó wà nínú ìwé jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe Tíṣà, Tíṣà. Ẹ̀rín wa ló jí ọkọ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Tíṣà ta ni?" ó bi mí. "Ìwọ tí o kò ka ìwé mẹ́wàá já? Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sùn."

Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Lórí fóònù, ẹnìkan wúkọ́. Mo rí ojú ara mi ní igun fóònù, tòun ti awò, mo sì pa á.

Òótọ́ ló sọ. Àìsàn ìyá mi ló mú mi kúrò nílé ìwé kí n tó ṣe ìdánwò àṣekágbá ìwé mẹ́wàá, n kò sì padà mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún un pé àwọn èèyàn gbọ́, ó jókòó pẹ̀lẹ́.

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè gbọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà," ó ní. "Mo rò pé ìwọ nìkan ló gbọ́."

Ó bẹ̀ mí títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Èmi nìkan ló fẹ́ sọ ọ́ fún. Bó ṣe ń rí mi nínú ilé wa nìyẹn.

Mo yọ ara mi kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan láti Ìjẹ̀bú ni olórí wa, Rippleside ló ń gbé, kò jìnnà sí wa, nítorí náà n kì í fẹ́ gba Ripple Road tó kọjá ládùúgbò rẹ̀ mọ́. Ó pè mí, n kò gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kanlẹ̀kùn. Ẹni tó fà mí wọ ẹgbẹ́ ló júwe ilé fún un. Bó ṣe sọ ẹni tí òun jẹ́, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, kò lè gbójú sókè. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà mú ìwé tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà jáde nínú àpò rẹ̀.

"Ojú mi ò gbé lẹ́tà wínníwínní mọ́," ó ní. "O sì já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibo ni ọmọ yẹn gbà lọ?"

Mo sọ fún un pé òótọ́ ni ohun tí ó gbọ́ nípa mi. Ó ní òun kò bá ìyẹn wá, kí n ṣí ìwé. Mo kà á fún un. Ó tún wá lẹ́yìn náà, títí a fi parí rẹ̀, kò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà rí. Nígbà kan mo rí i tó ń ka ohun wínníwínní tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn rẹ̀ láìṣẹ́jú. N kò bi í léèrè.

Mo padà sínú ẹgbẹ́. Wọ́n ti wó ilé wa náà, Dagenham East la wà báyìí, èmi ni mo sì ń sọ àwọn ìwé tó ń bọ̀ fún wọn. Nígbà tí mo ṣì ń kàwé fún ìyá yẹn ní Gascoigne, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú wa, mo sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé ohùn sókè díẹ̀, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà rí bàbá rẹ̀. Mo gbé e sókè.

Kò tún sọ irú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn sí mi mọ́ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé tuntun fún àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ṣì máa ń dúró dìgbà tó bá jáde lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Ojú ló ń tì mí.