Yanrìn Tó Wà Lókè Oko

Oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi wà lọ́nà Elegbeka. Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lókè, yanrìn ni. Nísàlẹ̀, amọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ yẹn la máa ń kọ ebè iṣu sí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi gbẹ́ ihò kan lókè, ó gbẹ́ ọ̀kan nísàlẹ̀, ó bu omi igbá kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tòkè gbẹ kí n tó gbé itọ́ mì. Tìsàlẹ̀, a sun iṣu, a jẹ ẹ́ tán, omi ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yanrìn yẹn. Mi ò bi í pé kí ló dé.

Lójú tèmi, ilẹ̀ lásán ni. Iṣu kì í ta níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí àwọn onítípà wá lọ́dún kẹta sẹ́yìn, tí wọ́n ń wá yanrìn búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó mi ò fẹ́. Ó bi mí pé tí wọ́n bá kó o tán, níbo ni òjò máa wọ̀ sí. Mo ní ṣé òjò ń wá yàrá háyà ni. Àwọn onítípà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó o tán. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, amọ̀ pupa, ó le, ó ń dán.

Lọ́dún àkọ́kọ́, omi kàn gba àárín ebè kọjá. Lọ́dún kejì, ó wó ebè díẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò, mo to àpò erùpẹ̀ síbẹ̀, omi gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Lọ́dún yìí, gbogbo èbù tó kù la gbìn. Iṣu tí à bá jẹ náà, a gé e gbìn. Tí wọ́n bá bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Ọ̀sán ni òjò ńlá dé. A wà nínú ahéré, à ń wò ó. Kò wọlẹ̀ rárá. Ó ń sáré bọ̀ látòkè, ó pupa bí epo, ó ń tú ebè kọ̀ọ̀kan. Mo rí èbù tó ń yí lọ sódò, tòun ti èéhù lórí ẹ̀.

Ìyàwó mi nawọ́ sí òkè oko.

“Bàbá wọn, ibi tí òjò ń gbé lẹ tà yẹn o.”

Nígbà tí òjò dá, mo gbé agbọ̀n.

A ṣa èyí tó kù, kò kún agbọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti rà.

Mo tún padà lọ sókè. Mo gbẹ́ ihò, mo bu omi igbá kan sí i, mo jókòó tì í. Oòrùn yí. Nígbà tí mo dìde, omi náà ṣì wà níbẹ̀.