Mángà tí Bísọ́lá kò kà tán

Fóònù Bísọ́lá, àbúrò mi tó kú lọ́dún tó kọjá, dún láàárọ̀ yìí, inú sì bí mi.

Mángà ni o. Ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan tó máa ń kà. Wọ́n ní orí tuntun ti jáde.

Mo fẹ́ pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù náà. Màmi ní, "Fi sílẹ̀. Kí ló wà nínú ìtàn náà?"

"Obìnrin kan ló kú, Màmi. Ó tún jí, ó sì rí i pé òun ti padà di ọmọ ogún ọdún. Ọmọọba tí kò ráyè fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ báyìí."

"Níbo ló jí sí?"

"Ilé wọn náà ni."

"Irọ́ ni. Àkúdàáyà kì í padà sílé. Ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ."

Mo ní kì í ṣe àkúdàáyà. Màmi ò gbọ́ mi, fóònù yẹn ni wọ́n ń wò.

"Rónkẹ́, iṣẹ́ rẹ ń gbé ọ dé Ìlọrin, dé Kánò. Tí o bá rí àbúrò rẹ níbì kan, má pè é. Tó bá ti mọ̀ pé o rí òun, á sá kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kó jókòó ti ọkọ tó ti fẹ́ níbẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmi."

Mi ò pa á rẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka irú mángà yìí, ṣé àwọn tó kú tó tún jí máa ń pẹ́ láyé lẹ́ẹ̀kejì? Màmi á bi mí lọ́la.