Áyọ́ọ̀nù Méjì Lórí Tábìlì Kan

Kó tó jí rárá ló ti máa ń rẹ Ìyàwó Ọ̀gá Rédíò. Orúkọ tí àdúgbò ń pè é nìyẹn, torí ọkọ rẹ̀ ló ń bá gbogbo wọn tún rédíò ṣe kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá ọ̀tún. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀gá wà báyìí. Obìnrin yìí ló ń gbé e jókòó, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Ìdí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ló ti ń wá oúnjẹ wọn: ilé iṣẹ́ kan ń kó bọ́ọ̀dù inú aago tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún un, òun á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì, á fi jó àwọn nǹkan wíwẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, á di dandan kó máa jáde lọ ṣe òmíràn. Ta ni yóò wá máa yí ọ̀gá padà?

Bíbọ́ ló sì fẹ́ bọ́. Wọ́n ti dá páálí tó kó lọ kẹ́yìn padà, àwọn ìlà bàbà tínńtín ara bọ́ọ̀dù ti bó sókè bí èèpo àlùbọ́sà. Obìnrin tó ń gbaṣẹ́ wọlé níbẹ̀ ní ooru áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ló pọ̀ jù, kó wá èyí tẹ́nu ẹ̀ tín-ín-rín, tó ṣeé dín ooru ẹ̀ kù. Ó ní bí òmíràn bá tún padà báyìí, kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ṣé òun ò mọ̀ ni? Ó ti mọ̀ tipẹ́. Áyọ́ọ̀nù ọkọ rẹ̀ ló ń lò, èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò, tí wọ́n fi ń tún rédíò ayé àtijọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí ọ̀gá tó fẹnu kan omi, á ti bèèrè bóyá áyọ́ọ̀nù òun ti gbóná. Bó bá ti gbóòórùn lẹ́ẹ̀dì báyìí, ara rẹ̀ á balẹ̀, ó di kó máa pàṣẹ: nu ẹnu ẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ jù, gbé e kúrò. Ìyàwó á ní ó dáa, sà. Ẹ wo wàhálà! Ẹni tó bá fẹ́ bá a wí, kó kọ́kọ́ wá bá a gbé ọ̀gá jókòó ná.

Ó bẹ aládùúgbò kan kó bá òun jókòó ti ọ̀gá, ó purọ́ pé òun ń lọ ra oògùn, ó wá gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ lọ. Oníṣọ́ọ̀bù gbé oríṣi áyọ́ọ̀nù mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ti ilé. Ọ̀kan ní àpótí àti iná tó ń tàn yinrinyinrin, òun ni oníṣọ́ọ̀bù sì ń yìn fún un títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu oníṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà ń gbé wọn wò lọ́wọ́, ó ń tẹ wáyà wọn, torí wáyà líle kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó ti rẹ̀ sinmi. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ kóun fi dán ẹ̀kẹta wò. Lẹ́ẹ̀dì yọ́, ó tàn kálẹ̀, ó ń dán, ìlà bàbà ò sì mira. Èyí tí wọ́n ń yí ooru ẹ̀ lára èèkù ẹ̀ nìyẹn, òun ló rà. Àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn, ó ń ṣe é bí ẹni tó jí nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì, ó ki wáyà áyọ́ọ̀nù ọ̀gá bọ iná bó ti máa ń ṣe, ó gbé e sí etí tábìlì, ó ń fi lẹ́ẹ̀dì kàn án lẹ́nu lóòrèkóòrè kó lè máa rú èéfín tí ọ̀gá máa gbóòórùn. Ó wá kọ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi tuntun ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀dù ń jáde ní mímọ́. Ọ̀gá ò pàṣẹ kankan. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ti sùn lọ ni.

"Ìyá wọn."

"Sà?"

"Yọ tèmi kúrò níná. Iná ló kàn ń jẹ."

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù tuntun sílẹ̀. Ó yọ ti ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó gbé bọ́ọ̀dù kan wá, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́ òsì. Ọ̀gá gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò ra á títí.

"Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ò ní padà mọ́, àbí?"

Látọjọ́ tí àìsàn ti dé, kò sẹ́ni tó tíì bèèrè bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn.

"Mi ò rò pé ó máa padà, sà."

Ọ̀gá mirí. Ó na bọ́ọ̀dù náà padà sí i, ó ní kó máa báṣẹ́ lọ. Obìnrin náà kọ́kọ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, ó padà sídìí tábìlì. Ó ń sunkún, ó sì ń jó lẹ́ẹ̀dì lọ.